Otigba: Ọjà Tí Ìṣirò Owó àti Agbára Ẹ̀rọ Bí

Computer Village ti Ìkẹjà kò ní olùdásílẹ̀. Ẹ tú ìwé ìjọba títí, ẹ ò ní rí gómìnà tó gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀, ẹ ò sì ní rí ìgbìmọ̀ tó jókòó pinnu pé kí ọjà kọ̀ǹpútà wà ní àdúgbò yẹn. Ilé àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: Òpópónà Otigba, Ola Ayeni, Pepple, Francis Oremeji, Oshitelu, ojúlé tí ìdílé ń gbé, tí ẹnikẹ́ni ò rò pé wọ́n máa di ibi tí gbogbo Nàìjíríà á ti máa wá ra ẹ̀rọ.

Ìbéèrè kan ló dá ọjà náà sílẹ̀, ìbéèrè náà kò sì tíì yí padà: èló ni, kí ló sì lè gbé? Ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà ní ọdún 1998 bi í. Ẹni tó ń ra fóònù ní 2003 bi í. Ọmọkùnrin tó kó owó jọ wá ra ẹ̀rọ géèmù ń bi í lónìí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtàn ẹni ìkẹyìn yìí ló wù mí jù láti sọ, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù ní òkè òkun ti kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan náà lórí tábìlì tiwọn, kí Ìkẹjà tó gbà á lọ́wọ́ wọn tún un ṣe.

Ilẹ̀ tí ọjà yìí hù lórí rẹ̀ ti ń rí owó tipẹ́. Rélùwéè tó kúrò l'Ékòó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, obì sì ni Agége fi ń ṣọrọ̀ nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń wá ibi tí wọ́n máa kó ilé iṣẹ́ ńlá sí, Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ wọn, kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ wà, ojú irin wà, pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí. Guinness wá sí Ògbà, Dunlop wá, Cadbury wá sí Agídìngbì. Títì ńlá tó la àdúgbò ilé iṣẹ́ Ìkẹjà kọjá ń jẹ́ orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì, tó ti ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkẹjà di olú-ìlú rẹ̀ ní 1976, òṣìṣẹ́ ìjọba sì kún Aláùsá. Níbi tí ilé iṣẹ́ àti ọ́fíìsì bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, táípúráítà á máa bàjẹ́, ẹnì kan á sì máa tún un ṣe. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Otigba.

Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà ti ń lé táípúráítà kúrò lórí tábìlì. Èyí tó ní orúkọ, IBM tàbí Compaq, ọ̀wọ́n gógó ni. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ṣe é tú, ó sì ṣe é tò. Motherboard, prósẹ́sọ̀, RAM, hard disk, páwà, àpótí: ẹni tó bá mọ̀nà lè rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti Taiwan tàbí Dubai, kó kó wọn sínú àpò, kó wá tò wọ́n ní Ìkẹjà. Clone ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń to clone ló ń pinnu ibi tí owó oníbàárà máa wọlé sí nínú àpótí náà. Bí oníbàárà bá jẹ́ ẹni tó ń tẹ lẹ́tà láti àárọ̀ dalẹ́, prósẹ́sọ̀ tó yára kò wúlò fún un. Kí wọ́n fi owó yẹn ra mónítọ̀ tí kò ní dà á lójú rú àti UPS nítorí NEPA. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán ilé, RAM ni kí wọ́n fi kún un. Olùtajà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" kó tó dárúkọ owó. Èyí tí kò mọṣẹ́ á kàn ní, "Pentium ni o, bọ̀dá," á sì dákẹ́.

Àwọn kan gbìyànjú láti sọ iṣẹ́ yìí di ti ilé iṣẹ́ ńlá. Florence Seriki dá Omatek sílẹ̀ ní 1988, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Orẹ́gùn, tí kò jìnnà sí Otigba. Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde ní 2001. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, àmọ́ ìṣirò náà le fún wọn ju bó ṣe le fún ọmọ Otigba lọ. Ohun tó wọ́n jù nínú kọ̀ǹpútà ni prósẹ́sọ̀, RAM àti hard disk, kò sì sí ẹni tó ń ṣe wọ́n ní Nàìjíríà. Dọ́là ni gbogbo wa fi ń rà wọ́n, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. Àpótí àti iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló kù tí ilé iṣẹ́ abẹ́lé lè fi dín owó kù, ìyẹn ò sì tó nǹkan nínú iye gbogbo rẹ̀. Ọmọ Otigba ní tirẹ̀ kò ra dísẹ̀lì fún ilé iṣẹ́, kò sanwó ìpolówó, ẹ̀rí tó sì fún oníbàárà kò ju "Bó bá ṣe yín bákan, ẹ gbé e padà wá" lọ.

Ní January 2001 ìjọba àpapọ̀ ta ìwé àṣẹ GSM fún fóònù alágbèéká ní mílíọ̀nù 285 dọ́là ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di August, ilé iṣẹ́ Econet àti MTN ti ń ṣiṣẹ́. Fóònù ló sọ Otigba di Computer Village tí a mọ̀. Onílé rí i pé owó ṣọ́ọ̀bù ju owó yàrá lọ. Yàrá àlejò di ṣọ́ọ̀bù, iwájú ilé di ṣọ́ọ̀bù, ibi tí mọ́tò ń dúró sí pàápàá di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka ṣèwádìí lórí ọjà náà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006, ohun tó sì ya àwọn tó kà á lẹ́nu ni bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó kàwé gboyè ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ilé iṣẹ́ tó yẹ kó gba irú wọn sí iṣẹ́ ní Ìkẹjà ló ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dunlop alára dẹ́kun táyà ṣíṣe ní 2008.

Ohun tó mú owó ọjà wálẹ̀ níbẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù kan kì í dá kó gbogbo nǹkan pamọ́. Bí ẹ bá bèèrè ohun tí kò sí, ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀." Á sáré jáde, á gbà á láwìn lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ojúlé kẹta, á sì padà wá bí ẹni pé yàrá ẹ̀yìn ló ti mú un. Owó tí ọ̀kan ì bá fi kó ọjà jọ ni gbogbo wọn jọ pín gbé. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Igbo jọ ń ṣe é, wọ́n jọ ń bú ara wọn, wọ́n sì jọ ń gba ara wọn gbọ́ débi pé fóònù olówó ńlá ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láìsí ìwé.

Ẹ̀rọ géèmù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ọjà yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀ nílé ni TV game, àdàkọ Famicom tí Nintendo gbé jáde ní 1983, tí àwọn ará Taiwan àti China tún ń ṣe ní owó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń kọ "9999 in 1" sára kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé géèmù mélòó kan náà ló ń yí po nínú rẹ̀.

Ìṣirò ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń to clone. Ẹni tó ń to clone máa ń kó ohun èlò jọ kó tó mọ iye tó máa tà á. Onígéèmù ní láti kọ́kọ́ mú iye: bàbá kan ní Tokyo tàbí New York, èló ló lè yọ lápò ra ohun ìṣeré fún ọmọ? Ìgbà tó bá mọ ìyẹn ló tó máa wo ohun tí owó náà lè gbé wọ inú àpótí. Ohun tó bá sì fi síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà sí méje. Kò sẹ́ni tó lè fi RAM kún un. Atari 2600 tó jáde ní 1977 ní RAM tí kò ju báìtì 128 lọ, àní báìtì, nítorí pé RAM wọ́n nígbà náà. Gunpei Yokoi ti Nintendo gbà pé ohun èlò tó ti pẹ́ lọ́jà, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, tí gbogbo èèyàn ti mọ àléébù rẹ̀, ló yẹ kéèyàn fi dá àrà tuntun. Game Boy tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1989 kò ní àwọ̀, kò sì ní iná. Game Gear ti Sega ní méjèèjì, àmọ́ bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, wọn kì í sì í tọ́jọ́ rárá. Game Boy ń fi mẹ́rin ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú. Game Boy ló borí. Ẹni tó bá ti ra bátìrì Tiger Head ní Agége rí, kò yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìdí fún un.

PlayStation 2 (PS2) ti Sony ló sọ géèmù di iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó jáde ní Japan ní March 2000, ó dé Amẹ́ríkà ní October ní 299 dọ́là. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bí 295 MHz, RAM rẹ̀ jẹ́ MB 32. Clone tuntun tí wọ́n ń tò ní Otigba lọ́dún náà ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba agbára tí PS2 ní, orí àwòrán àti eré ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, kò fi ìkankan ṣe lẹ́tà títẹ̀. Ó tún ń ṣí DVD, nítorí náà bàbá tó ti búra pé òun ò ní ra ohun ìṣeré lè rà á bí ẹ̀rọ fíìmù.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni Sony fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ṣe géèmù fún un ló ń sanwó fún Sony lórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni èrè wà. Bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, wọ́n ń sọ ohun inú rẹ̀ di kékeré: prósẹ́sọ̀ àti chip àwòrán tó jẹ́ méjì níbẹ̀rẹ̀ di ẹyọ kan, ẹ̀rọ náà di pẹlẹbẹ ní 2004, iye rẹ̀ sì ń rọ̀ wálẹ̀ sí 199, sí 149, títí ó fi di 99 dọ́là ní 2009. Agbára dúró sójú kan; owó ló ń rìn. Èyí tí wọ́n tà lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 155.

Ìkẹjà gba apá ìṣirò yìí tó wù ú, ó da ìyókù nù. Ó gba ẹ̀rọ olówó rírọ̀; ó kọ owó díìsìkì. Díìsìkì tòótọ́ kan tó nǹkan bí 50 dọ́là, ta ló fẹ́ rà á? Ẹnjiníà tó ní soldering iron àti ojú tó ń ríran á ṣí PS2, á fi wáyà tín-ín-tìn-ìn-tín lẹ chip kékeré kan mọ́ inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa gba àdàkọ tó ń wá láti ọjà Alaba, èyí tí ọmọ iléèwé lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà. "Ṣé wọ́n ti chip ẹ̀?" ni ohun tí oníbàárà kọ́kọ́ ń bèèrè. Mo mọ̀ pé òfin ò gbà á, mo sì mọ̀ pé àwọn tó fi òógùn ojú ṣe géèmù náà kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Mo tún mọ̀ pé ẹni tó mú iye díìsìkì náà kò ro ti ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà mọ́ ọn rárá.

Ibẹ̀ ni ilé géèmù ti tàn ká Agége, Ìfàkọ̀, Ìyánà Ìpájà: yàrá kan, bẹ́ǹṣì, tẹlifíṣọ̀n méjì mẹ́ta, PS2, ẹni tí wọ́n bá nà nínú bọ́ọ̀lù ni yóò sanwó. Nínú gbogbo àwọn tí ìtàn yìí kàn, oní-ilé-géèmù ni mo gbà pé ó mọ ìṣirò jù. Kì í wá ẹ̀rọ tó lágbára jù. Èyí tí páàdì rẹ̀ kò wọ́n láti pààrọ̀ ló ń wá, torí páàdì ni àwọn ọmọ ń fi ìbínú jù mọ́lẹ̀. Èyí tí ẹnjiníà rẹ̀ wà nítòsí. Èyí tí jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" tí kò tó kílówáàtì kan lè gbé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti fáànù. PS2 pẹlẹbẹ kò jẹ iná.

Irú èèyàn yìí ni Sony gbàgbé nígbà tó ṣe PS3. Ken Kutaragi ti Sony àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó ohun tó dára jù sínú rẹ̀: chip Cell, Blu-ray nígbà tí Blu-ray ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, kódà wọ́n fi ohun èlò PS2 sí i kí géèmù àtijọ́ lè ṣiṣẹ́. November 2006 ló jáde, ní 499 àti 599 dọ́là. Ilé iṣẹ́ iSuppli tú u palẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ohun tó wà nínú èyí tó kéré jù ń ná Sony ní nǹkan bí 805 dọ́là. Nígbà tó yá wọ́n ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ láti dín àdánù kù, ohun èlò PS2 náà sì bá a lọ. Ní Ìkẹjà, PS3 wà nínú gíláàsì, àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n sì ń ra PS2 lọ sílé. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ń fa iná tó súnmọ́ 200 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀.

Microsoft náà jìyà tirẹ̀. Ooru inú ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Xbox 360, ń mú kí lẹ́ẹ̀dì inú chip sán, iná pupa mẹ́ta á tàn, ó parí. Ní 2007 wọ́n ya ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Kò sí èyí tó dé Òpópónà Otigba nínú owó yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ibẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi hot air yọ́ lẹ́ẹ̀dì padà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n náà sì ń bọ́ wọn lórí fóònù àti láptọ́ọ̀pù títí dòní.

Sony kọ́gbọ́n. PS4 ti 2013 kò ní ohun abàmì kankan nínú: chip AMD tó jọ ti kọ̀ǹpútà lásán, RAM GB 8, 399 dọ́là. Xbox One jáde lóṣù kan náà ní 499 nítorí pé Microsoft so kámẹ́rà Kinect mọ́ ọn tipátipá. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi yọ ọ́. Nàìjíríà náà wà ní ìgbà tó dáa díẹ̀, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 160 náírà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù wọ̀n ọ́n, kí a fi owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná. PS2 ní 2000, nígbà tí dọ́là lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún náírà, jẹ́ nǹkan bí owó oṣù mẹ́rin fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba 7,500 náírà. PS4 ní 2013, nígbà tí owó oṣù jẹ́ 18,000, jẹ́ oṣù mẹ́ta ààbọ̀. PS5 tí wọ́n ń tà ní 499 dọ́là, ní 2024 tí dọ́là wà ní nǹkan bí 1,500 náírà tí owó oṣù sì jẹ́ 70,000, ti lé ní oṣù mẹ́wàá.

Nǹkan mìíràn tún ti bàjẹ́ nínú ìṣirò náà, èyí kì í sì í ṣe ẹjọ́ náírà. PS5 jáde ní 2020, ó yẹ kí owó rẹ̀ ti máa wálẹ̀ bíi ti PS2, ṣùgbọ́n sísọ chip di kékeré kò dín owó kù mọ́ bó ṣe ń dín in kù tẹ́lẹ̀. Ní 2022 Sony fi owó lé e ní Yúróòpù àti Japan. Ní August 2025 wọ́n fi 50 dọ́là lé e ní Amẹ́ríkà. Ìrètí tí ọmọ Ìkẹjà máa ń ní, pé kí òun ní sùúrù ọdún mẹ́ta kí owó fi rọ̀, kò sí mọ́.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ní ìdáhùn tiwọn láti ìgbà tí PS5 jáde. Wọ́n yọ ibi tí díìsìkì ń gbà wọlé, PS5 Digital jáde ní 399 dọ́là ní 2020, Xbox Series S tí agbára àwòrán rẹ̀ jẹ́ bí ìdámẹ́ta ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Series X, sì jáde ní 299 lọ́dún kan náà. Lórí ìwé, ó rọ̀. Ní Computer Village, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sọ fún yín pé ó wọ́n. Láti ìgbà PS4 ni díìsìkì tòótọ́ ti di dúkìá níbẹ̀: ẹ ra géèmù bọ́ọ̀lù, ẹ gbá a tán, ẹ gbé e padà wá, ẹ fi owó díẹ̀ lé e, ẹ gba òmíràn. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú díìsìkì ti pa irú pàṣípààrọ̀ yẹn. Gbogbo géèmù ni ẹ máa fi dátà fà wálẹ̀, òmíràn tó 100 GB, ẹ sì máa ṣí àkáǹtì bíi pé Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba lẹ ń gbé, torí Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí PlayStation ní kí ẹ mú. Owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè lọ́jọ́ ìrajà, ilé iṣẹ́ dátà á gbà á lọ́wọ́ yín díẹ̀díẹ̀.

Ọjà náà ní wàhálà mìíràn tí kò kan géèmù. CAPDAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti ohun tó bá a mu, ń gbìyànjú láti darí ibi tí kò sẹ́ni tó yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2019 ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà jẹ oyè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò yarí pé ọjà ẹ̀rọ kì í ṣe ọjà ata. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ ọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n kó lọ sí Katangowa, ní ìhà Agbádó-Òkè Odò lẹ́yìn Agége, Otigba ṣì kún fọ́fọ́ síbẹ̀. Mi ò bá àwọn oníṣòwò wí. Ṣọ́ọ̀bù ṣe é kó. Ẹni tó wà ní ojúlé kẹta tó ń fúnni láwìn láìkọ̀wé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìyẹn.

Ní ti géèmù, PS4 tòkunbọ̀ ló gba ipò tí PS2 wà tẹ́lẹ̀. Ní ìparí ọdún 2021, àwọn kan ní òkè òkun tú àṣírí bí èèyàn ṣe lè já ẹ̀wọ̀n ara PS4 tó wà lórí version 9.00, tí á fi máa gba géèmù tí wọn kò rà. Láti ìgbà náà, iye tó wà lórí PS4 àlòkù kò dúró lórí bó ṣe mọ́ tó tàbí bí hard disk rẹ̀ ṣe tóbi tó nìkan. Olùrà á ní kí wọ́n tàn án, á wọ settings lọ, á wo nọ́ḿbà. Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti so ó mọ́ Wi-Fi tó sì ti update rẹ̀ kọjá ibi tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ṣe é já, owó rẹ̀ já nìyẹn. Èyí tó ti wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì rí, òun ni wọ́n ń wá kiri.